Wọ́n ní kí màmá mi dá oògùn ọsibítù dúró nítorí irin tí wọ́n dì mú: ṣé òótọ́ ni àbí gbájú-ẹ̀?

Àbẹ̀kẹ́ Ọmọ Ìkirè (ẹni tó béèrè)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ yìí kò jẹ́ kí n sùn dáadáa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i.

Ìkirè ni màmá mi ń gbé, ọmọ ọdún 68 ni wọ́n. Ó pẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ ríru ti wà lára wọn, ìtọ̀ ṣúgà sì tún tẹ̀lé e. Ọsibítù fún wọn ní amlodipine fún ẹ̀jẹ̀ ríru àti metformin fún ìtọ̀ ṣúgà. Ìbàdàn ni mo ti ń rà á ránṣẹ́ lóṣooṣù, wọ́n sì ń lò ó déédéé. Lóṣù tó kọjá, àwọn kan wá sí gbọ̀ngàn ìjọ wọn, wọ́n ní àwọn fẹ́ yẹ ara àwọn ìyá àgbà wò lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n gbé kọ̀ǹpútà kékeré kan kalẹ̀, wọ́n so àpótí kan mọ́ ọn, wọ́n ní kí màmá mi di irin kan mú lọ́wọ́. Kò ju bí ìṣẹ́jú kan lọ. Wọn ò gba ẹ̀jẹ̀, wọn ò gba ìtọ̀. Ìwé rẹpẹtẹ ló tú jáde: ọkàn, ẹ̀dọ̀, kíndìnrín, egungun, ojú, títí dórí ilé ọmọ. Wọ́n fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ kíndìnrín àti ẹ̀dọ̀.

Ọkùnrin kan tó wọ kóòtù funfun wá jókòó ti màmá, ó ní oògùn ọsibítù ló ń ba kíndìnrín wọn jẹ́, pé bí wọn ò bá gba òun gbọ́, kí wọ́n wo ẹsẹ̀ wọn. Lóòótọ́ ni ẹsẹ̀ màmá mi máa ń wú, pàápàá tó bá dìrọ̀lẹ́. Ohun tó dẹ́rù bà wọ́n gan-an nìyẹn. Ó ní kí wọ́n dá oògùn dúró kí májèlé lè jáde lára wọn, kí wọ́n sì máa lo kápúsù oríṣi mẹ́ta pẹ̀lú tíì kan fún oṣù mẹ́ta. Gbogbo ẹ̀ jẹ́ 186,000 náírà. Màmá ti fi 60,000 nínú owó àjọ wọn sílẹ̀. Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni ọkùnrin náà máa wá gba ìyókù. Ó tún ní bí wọ́n bá mú èèyàn méjì wá, òun á dín in kù fún wọn, òun á sì kọ orúkọ wọn mọ́ àwọn tó ń gba èrè lórí ọjà náà.

Ó ti lé lọ́sẹ̀ méjì tí màmá ti lo oògùn wọn kẹ́yìn, àná ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀. Nígbà tí mo ní mi ò gbà, wọ́n fi fídíò kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Oníròyìn tẹlifíṣọ̀n kan tí gbogbo wa mọ ojú ẹ̀ ló ń sọ nínú ẹ̀ pé ọ̀jọ̀gbọ́n kan ti rí ohun tó ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru sàn pátápátá, pé àwọn ilé iṣẹ́ oògùn ni kò fẹ́ kí aráyé gbọ́.

Ṣé ẹ̀rọ yìí lè mọ ohunkóhun nípa ara èèyàn? Ọ̀nà wo ni mo sì lè gbà bá wọn sọ ọ́ tí kò ní dà bí ìgbà tí mò ń rí wọn fín? Ìyá ìjọ tó jẹ́ ọ̀rẹ́ wọn tímọ́tímọ́ ló mú ọkùnrin náà wá.

Màmá Nọ́ọ̀sì Gbọ̀ngán

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi, fi ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ àti owó sílẹ̀ ná. Oògùn tí màmá dá dúró ni kó o kọ́kọ́ dojú kọ. Owó tó lọ, èèyàn lè tún un wá. Ẹ̀jẹ̀ tó ru tí kò rí oògùn kò ní í fọ́ èèyàn lórí kí ó tó gòkè, ara lè fúyẹ́ títí di àárọ̀ tí ẹnu yóò ṣàdédé yí tàbí tí apá kan yóò kọ̀ tí kò ní gbéra mọ́. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, ẹ̀ka tí àwọn ẹlẹ́jẹ̀ ríru àti olítọ̀ ṣúgà ti ń gba oògùn ni mo sì pẹ́ sí jù. Nínú àwọn tí wọ́n gbé wá bá wa pẹ̀lú rọpárọsẹ̀, tí a bá béèrè lọ́wọ́ ará ilé, ọ̀rọ̀ tí a máa ń gbọ́ ni pé "wọ́n ti ń lò ó tẹ́lẹ̀, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀ ni."

Bó o bá lè lọ sí Ìkirè lónìí, lọ. Mú màmá lọ sí ọsibítù tí káàdì wọn wà, kí wọ́n gbé káàdì àti gbogbo oògùn dání, ti ọsibítù àti ti ọkùnrin yẹn. Kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn, kí wọ́n gún wọn níka yẹ ṣúgà wò lójú ẹsẹ̀. Má ṣe jẹ́ kí wọ́n lo oògùn ní méjì méjì láti fi dí èyí tí wọ́n fò. Bí o bá débẹ̀ tí o rí i pé wọ́n ń tọ̀ lemọ́lemọ́, òǹgbẹ ń gbẹ wọ́n ju bó ṣe yẹ lọ, wọ́n ń bì, oorun ń kùn wọ́n lọ́sàn-án gangan, tàbí ọ̀rọ̀ ń lọ́ mọ́ wọn lẹ́nu, má dúró de àárọ̀ ọjọ́ kejì, ibi ìtọ́jú pàjáwìrì ni kó o gbé wọn lọ tààrà.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ wíwú. Ibẹ̀ gan-an ni ọkùnrin yẹn ti mú màmá, torí ohun tó tọ́ka sí wà níbẹ̀ lóòótọ́. Amlodipine máa ń mú kí kókósẹ̀ wú. Ohun tó fà á ni pé oògùn náà ń jẹ́ kí àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ kéékèèké fẹ̀, omi á sì máa jò sí ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀, àgàgà lára ẹni tó bá jókòó tàbí tó dúró lójú kan fún ìgbà pípẹ́. Gbogbo ẹni tó ti ṣiṣẹ́ ní kíníìkì ẹ̀jẹ̀ ríru mọ̀ ọ́n, ó wà nínú ìwé tó wà nínú páálí oògùn náà. Fúnra ẹ̀, kò túmọ̀ sí pé kíndìnrín ti bàjẹ́. Bó bá ń da èèyàn láàmú, dókítà lè dín ìwọ̀n ẹ̀ kù tàbí kó pààrọ̀ ẹ̀. Àwọn tó ń ta kápúsù káàkiri náà mọ̀ ọ́n dáadáa. Wọ́n mọ̀ pé nínú ìyá àgbà mẹ́wàá tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, wọn ò ní í ṣàìrí ẹni tí kókósẹ̀ ẹ̀ wú, ẹni náà ni wọ́n sì máa pè síwájú.

Bẹ́ẹ̀ náà ni metformin. Ó máa ń da inú rú fún àwọn kan, ó ń fa ìgbẹ́ gbuuru, ó ń jẹ́ kí ẹnu rí bákan, pàápàá tí wọ́n bá lò ó láìjẹun. Ẹni tí inú ń dà rú lójoojúmọ́ tí kò sẹ́ni tó sọ fún un pé kó lò ó lẹ́yìn oúnjẹ, ó ti ń wá ẹni tó máa sọ fún un pé kó fi sílẹ̀. Béèrè lọ́wọ́ màmá bóyá irú ẹ̀ ń ṣe wọ́n. Wọ́n lè má tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ohun tó dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀ ni kíndìnrín tó fi dẹ́rù bà wọ́n. Ìtọ̀ ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru tí a ò tọ́jú ló ń ba kíndìnrín jẹ́ jù lọ káàkiri ayé. Oògùn tó ní kí màmá jù nù ló ń ṣọ́ kíndìnrín wọn! Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí kíndìnrín ṣe wà, ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ ló ń sọ ọ́: kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ fún àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní E and U, ẹ wo ibi tí wọ́n kọ creatinine sí, ìyẹn ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀ tí kíndìnrín máa ń sẹ́ jáde, kí wọ́n sì wo ìtọ̀ bóyá purotéènì wà nínú ẹ̀. Ọ̀pọ̀ láàbù ọsibítù ìjọba ló ń ṣe é, kò sì sún mọ́ owó tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ màmá yẹn rárá.

Ṣọ́ra fún ọ̀rọ̀ "májèlé ń jáde" yẹn o. Bí ṣúgà bá lọ sókè tí ó sì ń rẹ màmá, ọkùnrin náà á ní ìdọ̀tí ló ń jáde, kí wọ́n fara dà á. Bí ara bá yá, oògùn òun ló ṣe é. Bí ara bá burú, oògùn òun náà ló ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá ti sọ irú ọ̀rọ̀ yìí fún aláìsàn ti di gbogbo ọ̀nà tí aláìsàn lè gbà mọ̀ pé òun ń kú lọ. Mi ò lè fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un.

Bó o ṣe máa bá wọn sọ ọ́: má pe ọ̀rẹ́ wọn ní olè, má sì sọ níṣojú àwọn ọmọ pé wọ́n lu màmá ní jìbìtì. Àgbà tí ojú bá tì lè san owó tó kù láti fi hàn pé òun ò ṣìnà. Ẹ̀gbẹ́ wọn ni kó o jókòó sí, kí ẹ jọ wo nọ́ńbà tó bá jáde lára ẹ̀rọ ṣúgà, kí wọ́n fi ojú ara wọn rí i. Rántí pẹ̀lú pé ọkùnrin yẹn jókòó ti màmá, ó béèrè oorun, ó béèrè oúnjẹ, ó gbọ́ tẹnu wọn. Ní kíníìkì wa, àwọn àgbà lè jókòó láti aago mẹ́fà àárọ̀ títí ọ̀sán kí wọ́n tó rí dókítà fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Àlàfo yẹn ni àwọn oníjìbìtì ń gbà wọlé. Torí náà, tí ẹ bá dé ọsibítù, bá wọn wọlé, kó o bá wọn béèrè ìbéèrè tí wọ́n ń tijú láti béèrè.

Bí ọkùnrin náà bá dé lọ́jọ́bọ̀, má bá a jà. Fún un ní ìwé àti bírò. Ní kó kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun, lágbájá, ní kí ìyá yìí má lo amlodipine àti metformin mọ́, kó buwọ́ lù ú, kó sì kọ nọ́ńbà fólíò tí MDCN, àjọ tó ń forúkọ àwọn dókítà sílẹ̀, fún un sí i bó bá jẹ́ dókítà. Dókítà gidi ní nọ́ńbà yẹn, kì í sì í bẹ̀rù láti kọ ohun tó bá sọ fún aláìsàn sínú ìwé.

Táyọ̀ Oníkọ̀ǹpútà

Màmá Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun gan-an. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹ̀rọ náà, torí mo ti fọwọ́ ara mi lò ó. Òkè-Fìà ní Òṣogbo ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, kọ̀ǹpútà ni mò ń tún ṣe. Àwọn tó ń ta irú ọjà yẹn gbé tiwọn wá fún mi lọ́jọ́ kan pé kò ṣí mọ́. Quantum analyzer ni wọ́n ń pè é. Ètò kan ló wà lórí kọ̀ǹpútà, àpótí náà àti irin sì ń so mọ́ ọn bí èèyàn ṣe ń so máòsì.

Kí ó tó ka ohunkóhun, ó máa ní kó o kọ orúkọ, kó o sọ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, ọjọ́ orí, gíga, àti ìwọ̀n ara. Nígbà tí mo tún un ṣe tán, mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Mo rẹ tówẹ́ẹ̀lì sínú omi, mo fún un, mo fi yí irin náà ká. Mo kọ orúkọ kan sí i, mo ní obìnrin ni, ẹni ọdún 30. Ó ka tán, ó sì tẹ ìwé jáde nípa ilé ọmọ àti ọmú. Tówẹ́ẹ̀lì! Mo yí ọjọ́ orí padà sí 70, mi ò fọwọ́ kan irin náà, egungun tówẹ́ẹ̀lì bàjẹ́ sí i, ojú ẹ̀ náà sì burú. Mo sọ ọ́ di ọkùnrin, ilé ọmọ pòórá.

Mo pe ẹni tó ni ín, mo fi hàn án. Ó ní omi tó wà nínú tówẹ́ẹ̀lì ló fà á. Mo ní kó di í mú fúnra ẹ̀ nígbà méjì, kí n kọ ọdún tó yàtọ̀ síra. Ó kọ̀, ó san owó iṣẹ́ mi, ó gbé ẹrù ẹ̀.

Ohun kan tí mo tún kíyè sí ni pé gbogbo àléébù tí ìwé náà máa ń rí ló ní páálí tó bá a mu lórí tábìlì wọn. Bí kò bá sí oògùn eyín nínú ọjà wọn, eyín ẹnikẹ́ni kì í dùn ún. Àbẹ̀kẹ́, bó o bá fẹ́ kí màmá fojú ara wọn rí i, kí èèyàn méjì tí ọkùnrin náà kò mọ̀ rí lọ síbẹ̀, kí ẹnì kan náà di irin mú lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú orúkọ àti ọjọ́ orí tó yàtọ̀, kí ẹ wá gbé ìwé méjèèjì síwájú màmá.

Bàbá Ewé-Ń-Jẹ́

Mo ti ka ọ̀rọ̀ gbogbo yín. Mi ò gbè sẹ́yìn ẹlẹ́rọ, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra kí ẹ má fi ìbínú sí i kó gbogbo oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ ọn. Agbo ni wọ́n fi tọ́ wa dàgbà. Àwọn ọsibítù náà ń gba owó lọ́wọ́ èèyàn fún àìsàn tí kò sí: gbogbo ẹni tó bá ti wọ láàbù ló ní ibà àti táífọ́ọ̀dù. Ta ni ká wá gbà gbọ́?

Màmá Nọ́ọ̀sì Gbọ̀ngán

Bàbá, ẹ kú ọ̀rọ̀. Ohun tí ẹ sọ nípa láàbù, òótọ́ wà níbẹ̀. Àyẹ̀wò Widal tí wọ́n fi ń pe gbogbo ibà ní táífọ́ọ̀dù kò ṣeé gbára lé bó bá dá wà, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń jẹ àńtíbáyótíìkì nítorí ẹ̀ láìnídìí. Kí èèyàn béèrè fún àyẹ̀wò tí wọ́n ti ń gbin kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ kó tó gba irú oògùn bẹ́ẹ̀, kì í ṣe àfojúdi.

Ní ti ewé, mi ò bá ewé jà rí. Asofẹ́yẹjẹ tí àwọn baba wa ń lò láti fi tọ́jú wèrè, inú gbòǹgbò ẹ̀ ni reserpine wà, oògùn tí àwọn ọsibítù fi tọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru fún ọ̀pọ̀ ọdún. Oògùn ibà tí a ń lò lónìí, ara ewé kan ní Ṣáínà ni wọ́n ti rí i, obìnrin tó ṣe iṣẹ́ náà, Tu Youyou, sì gba ẹ̀bùn Nobel lórí ẹ̀ ní 2015. Ohun tó mú kí wọ́n di oògùn ni pé ẹnì kan jókòó, ó wọn ohun tó wà nínú wọn, ó mọ ìwọ̀n tó ń wo èèyàn sàn àti ìwọ̀n tó ń pa èèyàn. Reserpine náà ní tiẹ̀: ó lè mú kí ọkàn èèyàn rẹ̀wẹ̀sì gan-an bí ó bá pọ̀ jù.

Oníṣègùn ìbílẹ̀ tó mọ iṣẹ́ ẹ̀, bàbá, ẹ mọ̀ ọ́n jù mí lọ: ó ń gbé láàárín ìlú, a mọ ilé bàbá ẹ̀, bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ a mọ ibi tí a máa bá a. Mo ti rí lára wọn tó fi aláìsàn ránṣẹ́ sí wa pé èyí ju agbára òun lọ. Ẹni tó gbé kọ̀ǹpútà wọ̀lú lónìí tí yóò fi ìlú sílẹ̀ lọ́la, tó ń ta oògùn kan náà fún ojú, orókún àti kíndìnrín, irú rẹ̀ kọ́ ni oníṣègùn tí ẹ ń sọ.

Adébísí tó ń ta oògùn

Ẹ kúu ìjíròrò. Fámásì ni iṣẹ́ tí mo kọ́, mo fẹ́ fi nǹkan díẹ̀ kún un nípa nọ́ńbà NAFDAC, torí òun ni wọ́n máa ń fi pa wá lẹ́nu mọ́.

Antí Àbẹ̀kẹ́, ẹ wo páálí tí wọ́n tà fún màmá. Bí nọ́ńbà tó wà lára ẹ̀ bá parí sí lẹ́tà L, ohun tó túmọ̀ sí ni pé NAFDAC kàn kọ orúkọ ọjà náà sínú ìwé gẹ́gẹ́ bí ohun tí kò léwu láti lò. Kò túmọ̀ sí pé wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ń wo àìsàn kankan sàn. Ó tún gbọ́dọ̀ ní gbólóhùn kan lára tó sọ pé NAFDAC kò tíì gbé ohun tí olùtajà ń sọ nípa ẹ̀ yẹ̀ wò, lẹ́tà wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ ni wọ́n sì máa ń fi kọ ọ́. Àwọn tó ń tà á máa ń fi àtàǹpàkò bo ibẹ̀ tí wọ́n bá ń fi nọ́ńbà han èèyàn. Ẹ tún lè lọ sórí Greenbook, ìwé orúkọ oògùn tí NAFDAC gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ tẹ nọ́ńbà náà síbẹ̀. Ẹ wò ó bóyá orúkọ tó jáde bá èyí tó wà lára páálí mu. Mo ti rí kápúsù ìtọ̀ ṣúgà tó jẹ́ pé nọ́ńbà omi inú ọ̀rá ni wọ́n kọ sí i lára.

Ní ti oògùn ọsibítù, àwọn kan ní ibi tí a ti ń ha nǹkan lára páálí wọn, pàápàá oògùn ibà àti àńtíbáyótíìkì. Ẹ ha á, ẹ fi nọ́ńbà abẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sí nọ́ńbà fóònù tí wọ́n kọ sára páálí náà, wọ́n á dá yín lóhùn bóyá ojúlówó ni.  Ìyà oògùn ayédèrú kò ṣàjèjì sí wa. Dora Akunyili tó di olórí NAFDAC ní 2001, ínsúlínì ayédèrú ló pa àbúrò rẹ̀ obìnrin ní 1988, olítọ̀ ṣúgà ni àbúrò náà. Ní 2008, oògùn eyín ọmọdé tí wọ́n ń pè ní My Pikin pa ọmọ tó lé ní 80 nítorí kẹ́míkà olóró tó wọ inú ẹ̀, bẹ́ẹ̀ orí àtẹ kẹ́mísìtì ni àwọn òbí ti rà á.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù nínú kápúsù tí a ò mọ ibi tó ti wá ni èyí tó ń ṣiṣẹ́. Màmá kan lè sọ fún yín pé òun lò ó, ṣúgà òun sì wálẹ̀, kò sì parọ́. Àwọn kan máa ń lọ oògùn ọsibítù mọ́ ewé láìkọ ọ́ sí i lára. Ní Singapore lọ́dún 2008, wọ́n rí glibenclamide, tí í ṣe oògùn ìtọ̀ ṣúgà, nínú àwọn oògùn agbára ọkùnrin tí wọ́n ń tà lábẹ́lẹ̀. Ṣúgà àwọn tó lò ó lọ sílẹ̀ débi pé àwọn kan dákú, èèyàn mẹ́rin sì kú. Dexamethasone, oògùn ọsibítù mìíràn tó ń pa ìrora àti wíwú, náà máa ń fara pamọ́ sínú àwọn kan lára oògùn oríkèé ríro tí wọ́n ń tà káàkiri. Ìrora á lọ lóru ọjọ́ kan, ojú á wú, ṣúgà á gòkè, egungun á máa rọ. Nítorí náà, kí màmá má lo kápúsù yẹn pọ̀ mọ́ oògùn wọn rárá.

Fídíò yẹn, ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ń ṣe ohùn àti ẹnu oníròyìn, wọ́n á sì kó o lé fídíò ìròyìn tó ti pẹ́. Africa Check àti Dubawa, àwọn tó ń yẹ ìròyìn wò bóyá òótọ́ ni, ti tú àṣírí irú rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ wo ẹnu ẹni tó ń sọ̀rọ̀ dáadáa, lọ́pọ̀ ìgbà kì í bá ọ̀rọ̀ lọ. Ẹ tún lọ wo ojú ewé ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n náà fúnra ẹ̀, ẹ ò ní rí ìròyìn náà níbẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, òfin ilẹ̀ wa kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti máa polówó fún ará ìlú pé òun ní oògùn tó ń wo jẹjẹrẹ tàbí ìtọ̀ ṣúgà sàn. Ẹni tó bá ti ń pariwo ẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, lórí rédíò tàbí lórí Facebook ti rú òfin kó tó gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín.

Àbẹ̀kẹ́ Ọmọ Ìkirè

Màmá Nọ́ọ̀sì, Bùrọ̀dá Táyọ̀, Adébísí, gbogbo yín, Ọlọ́run á san án fún yín. Ìkirè ni mo wà báyìí.

Ẹ̀jẹ̀ ríru màmá jẹ́ 172/98, ṣúgà wọn láìtíì jẹun jẹ́ 287 mg/dL, méjèèjì ló ga ju bó ṣe yẹ lọ. Wọ́n wo nọ́ńbà yẹn títí, wọn ò sọ nǹkan kan. Mo bá wọn wọlé lọ sọ́dọ̀ dókítà. Nígbà tí mo béèrè nípa inú, màmá wá sọ pé láti ìgbà tí àwọn ti bẹ̀rẹ̀ metformin ni inú ti ń kùn, ìgbà míì àwọn kì í lò ó lọ́jọ́ ìsìn kí àwọn má baà máa sáré jáde láàárín ìjọ. Mi ò gbọ́ ọ rí! Dókítà pààrọ̀ ẹ̀ sí èyí tó máa ń yọ́ díẹ̀díẹ̀, ó ní kí wọ́n máa lò ó pẹ̀lú oúnjẹ alẹ́. Ó dín amlodipine kù, ó fi òmíràn tì í. Creatinine wọn dára, kò sí purotéènì nínú ìtọ̀. Mo ní kí dókítà sọ ọ́ lẹ́nu ara ẹ̀ fún màmá pé kíndìnrín wọn kò ní nǹkan kan, ó sọ ọ́, ó tún un sọ.

Ọkùnrin náà dé lọ́jọ́bọ̀. Màmá fúnra wọn ló gbé ìwé àti bírò síwájú ẹ̀, wọ́n ní, "Ẹ bá mi kọ ọ́, ọmọ mi, kí n lè fi han dókítà mi." Ó ní òun kò sọ pé kí wọ́n dá oògùn dúró, pé àfikún lòun ń tà. Màmá ní, "Èmi ni ẹ sọ ọ́ fún." Ó dìde, ó ní òun á padà wá. A ò tíì rí i.

Ohun tó kù tó ń jẹ mí lọ́kàn ni pé àwọn ìyá mìíràn nínú ìjọ náà ti dá oògùn wọn dúró, ìyá ìjọ pàápàá wà lára wọn. Bí mo bá lọ bá wọn, ọmọdé ni mo jẹ́ lójú wọn. Ṣé owó tí màmá san sì ṣeé gbà padà?

Adébísí tó ń ta oògùn

Ẹ má ju páálí yẹn nù, ẹ má sì tú u mọ́. Ẹ ya fọ́tò gbogbo ara ẹ̀, àgàgà ibi tí wọ́n kọ nọ́ńbà bátíìṣì, ọjọ́ tí wọ́n ṣe é àti àdírẹ́sì sí. Bí ẹ bá ní rìsíìtì tàbí ẹ̀rí owó tó wọ àkáǹtì ẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde. Ẹ kó o lọ sí ọ́fíìsì NAFDAC tó wà ní ìpínlẹ̀ yín fún ọ̀rọ̀ oògùn, ẹ sì kọ̀wé sí FCCPC, àjọ ìjọba tó ń gbèjà àwọn oníbàárà, fún ọ̀rọ̀ owó. Bí àkáǹtì tí màmá sanwó sí bá jẹ́ ti ẹnì kan tí kì í ṣe ilé iṣẹ́, ẹ kọ ìyẹn sí i ní gbangba.

Màmá Nọ́ọ̀sì Gbọ̀ngán

Inú mi dùn sí nọ́ńbà creatinine yẹn ju bí mo ṣe lè kọ ọ́ lọ. Bá mi kí màmá, wọ́n gbọ́n gan-an.

Ti àwọn ìyá yòókù, má lọ dá bá wọn. Màmá rẹ ni kó lọ bá ọ̀rẹ́ wọn nílé, àwọn méjèèjì nìkan, kí wọ́n mú ìwé ọsibítù lọ́wọ́. Bí ìyá ìjọ bá ti padà sídìí oògùn ẹ̀, òun fúnra ẹ̀ ló máa pe àwọn yòókù. Gbọ̀ngán sí Ìkirè kò jìnnà. Bí wọ́n bá gbà, màá wá láàárọ̀ Sátidé pẹ̀lú ẹ̀rọ ẹ̀jẹ̀ ríru àti ti ṣúgà, mi ò ní gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, mi ò sì ní ta nǹkan kan. Kí ìyá kọ̀ọ̀kan mú káàdì ọsibítù ẹ̀ àti gbogbo oògùn tó wà nílé wá, títí kan agbo, kí wọ́n má fi èyíkéyìí pa mọ́ fún mi. Kí wọ́n mu omi nìkan láàárọ̀, kí wọ́n má tíì jẹun títí n ó fi gún wọn níka, oúnjẹ wọn sì gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ kí wọ́n lè jẹ ẹ́ ní kété tí a bá ti parí. Ẹni tó bá ń gún abẹ́rẹ́ ínsúlínì nínú wọn, kí ó má fi ebi pa ara rẹ̀ o, kó jẹun kó sì gún un bó ṣe máa ń ṣe, màá mọ bí mo ṣe máa ka tiẹ̀.